Òjìji Lórí Koríko

"Ta ni bàbá tó ru àkàbà yìí? Ó ti ba àwòrán yìí jẹ́."

Ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin kan ló béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà ilé-ìwé. Àwòrán mẹ́fà ni ọmọ náà fi kámẹ́rà yà lórí òkè, ó sì so wọ́n pọ̀ títí gbogbo àfonífojì fi di àwòrán gbọọrọ kan ṣoṣo tó fẹ́ fi díje. Ẹni tó ru àkàbà ni bàbá rẹ̀ tó ń kun ilé, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nínú aṣọ tí ọ̀dà ti ta sí.

"Èmi ò mọ̀ ọ́n o," ló fèsì. Ojú tì í díẹ̀, ó sì gbójú kúrò. Ó fi kọ̀ǹpútà mú koríko láti apá ibòmíràn nínú àwòrán náà, ó fi bo bàbá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

Lọ́jọ́ ìfihàn, bàbá fọ ọ̀dà kúrò lọ́wọ́, ó sì kó àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá. Ó ti sọ fún wọn pé òun wà nínú àwòrán, torí ó rí ọmọ rẹ̀ nígbà tó ń yà á. Ó wo àwòrán náà láti òsì dé ọ̀tún, ó tún padà.

"Ọ̀gá, àbí ẹ ti di ẹni àìrí ni?" ni ọ̀kan nínú wọn fi dápàárá.

"Bàbá mi, kọ̀ǹpútà ló yọ yín nígbà tó ń so ó pọ̀," ni ọmọ náà wí.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nàka sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Òjìji gígùn kan wà lórí koríko, tòun ti àkàbà tó rù, kò sì sí ẹni tó ni ín. Ọmọ náà pa èèyàn rẹ́, ó gbàgbé òjìji. Ẹsẹ̀ irọ́ kì í gùn.

"Kọ̀ǹpútà yìí ṣàánú mi," ni bàbá wí wẹ́rẹ́. "Ó ṣẹ́ òjìji kù fún mi."

Olùkọ́ tó ń ṣèdájọ́ gbọ́. Òfin ìdíje ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa nǹkan rẹ́ nínú àwòrán, ó sì yọ àwòrán náà kúrò nínú ìdíje. Ọmọ náà ò sunkún. Ó ká àwòrán náà, ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Bàbá mi, mo lè dá yín padà sínú ẹ̀. Kò lè pẹ́."

"Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu," ni bàbá wí, ó ń bọ́ bàtà. "Mo ti rí ibi tí o fi mí sí."

Àwòrán ṣeé tún so. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá sẹ́ nítorí ojú ayé, kò rọrùn láti dá a padà sáyè rẹ̀.