Ṣokoléètì Tó Ń Dán Jù

Ogójì ọdún ni ṣokoléètì àkọ́ṣe ilé-iṣẹ́ kan ti wà nínú àpótí dígí, lórí bébà tí wọ́n kọ́kọ́ fi wé e. Ọ̀la ni wọ́n yóò gbé e lọ sí olú ilé-iṣẹ́. Láàárọ̀ òní, máníjà rí i pé bébà abẹ́ rẹ̀ ti di tuntun. Ó pe ọlọ́pàá, ó sì kìlọ̀ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yanjú kí ó tó di ọ̀sán, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ojú Àwòdì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àpótí náà.

"Wọ́n ti pààrọ̀ ṣokoléètì náà pẹ̀lú. Èyí tó bá gbó máa ń funfun lára. Èyí ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó." Ó kọjú sí ẹ̀ṣọ́. "Ta lo yá ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ọ̀gá, ẹ má bi mí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ."

Ojú Àwòdì kán ṣokoléètì náà. Ó dún pá! Ó ka ìpín ara rẹ̀: mẹ́jọ.

"Mẹ́wàá ni tiwa báyìí," ni máníjà wí. "A ti ju páànù onímẹ́jọ tí a fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nù."

"Ẹnì kan ṣà á."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ilé Bàbá Alásè lọ, ẹni tó fi páànù náà ṣiṣẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Páànù onímẹ́jọ kan ń gbẹ lójú fèrèsé.

"Bàbá, olè lásán ì bá fi àpótí sílẹ̀ lófo," ni Ojú Àwòdì wí. "Ẹni tó fẹ́ràn ilé-iṣẹ́ yìí ló da òmíràn rọ́pò. Ó ní páànù àtijọ́, ó mọ ìwọ̀n iná débi pé iṣẹ́ rẹ̀ ń dún pá, ó sì jẹ́ àgbà tí ẹ̀ṣọ́ kò lè dárúkọ. Ẹ̀yin ni. Ìdí rẹ̀ nìkan ni kò yé mi."

Bàbá gbé àkọ́ṣe náà jáde, ó funfun bí ewú orí rẹ̀.

"Èmi ni mo dà á, ìyá àwọn ọmọ mi ló wé e. Mo ní kó fẹ́ mi, ó kọ èsì sínú bébà yìí. Kí n tó kà á, ọ̀gá ti gbé e sínú dígí. Ẹnu ló padà fi dá mi lóhùn. Ó kú lọ́dún tó kọjá, ẹ sì fẹ́ gbé bébà yìí lọ. Ṣùgbọ́n bébà àti ṣokoléètì ti lẹ̀ mọ́ra. Bí mo bá ya bébà kúrò, ṣokoléètì á rún. Ọwọ́ mi ò gbà á."

Máníjà mú ègé ṣokoléètì tuntun tí Ojú Àwòdì kán, ó jẹ ẹ́, ó pajú dé díẹ̀.

"Ẹ̀ṣọ́, padà sí géètì rẹ. Bàbá, ẹ ó da òmíràn fún wa láti gbé lọ. Ẹ ya bébà yẹn kúrò."

Àkọ́ṣe rún sórí tábìlì. Bàbá gbé bébà sójú ìmọ́lẹ̀, ó kà á sókè:

"Ó pẹ́ tí mo ti gbà. Ṣùgbọ́n yéé jí ṣokoléètì ọ̀gá."