Ẹni Tí Nurat Kọ́ Ní Kẹ̀kẹ́ Gígùn

"Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún!" Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí, tíṣà eré ìdárayá, kígbe, ó sì gbé fóònù tó fi ń wo àkókò sókè. "Ayọ̀níkẹ́, o ta ọ̀gá rẹ yọ lónìí!"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà pàtẹ́wọ́. Nurat, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọwọ́ rẹ̀ kanra. Ogún ìṣẹ́jú ni òun fi gun ọ̀nà kan náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níléèwé wọn ní Mowe, kò sí ọmọbìnrin kankan tó ṣáájú rẹ̀ rí.

Ayọ̀níkẹ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. "Nurat, o rí i? Ohun tí o kọ́ mi yẹn ni mo ṣe o. Mi ò dìde lórí ìjókòó títí mo fi gun òkè yẹn tán."

"Mo rí i," ni Nurat fèsì. "O ṣe dáadáa." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún okùn bàtà rẹ̀ so, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú rẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ayọ̀níkẹ́ ò mọ kẹ̀kẹ́ ológeere gùn rárá. Ifọ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ti kó wá, wọ́n sì gba yàrá kan nítòsí ilé àwọn Nurat. Nurat ló fi kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kọ́ ọ ní ọ̀nà eléruku tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Yóò di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú, yóò máa sáré tẹ̀ lé e, Ayọ̀níkẹ́ yóò sì máa pariwo kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Nígbà tó mọ̀ ọ́n gùn tán, bàbá Nurat, Bùrẹ́ímọ̀, tó ń tún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀fàdà, ṣa irin jọ láti ara àwọn ògbólógbòó kẹ̀kẹ́, ó sì fi to odidi kẹ̀kẹ́ kan fún un. "Ẹ óò lè jọ máa gùn ún lọ síléèwé," ni ó wí.

Inú Nurat dùn nígbà náà. Kí ló wá dé tí inú náà ò dùn mọ́?

Ìdíje ló dé. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá kan ní Ibafo ti kéde pé àwọn ọmọ iléèwé girama yóò díje ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Wọn yóò gun kẹ̀kẹ́ láti Mowe dé pápá kan ní Ọ̀fàdà, wọn yóò kó kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọn yóò wá fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko fún kìlómítà méje, wọn yóò la odò kékeré kan kọjá, kí wọ́n tó padà sí pápá. Ọmọbìnrin tó bá kọ́kọ́ dé yóò gba kẹ̀kẹ́ tuntun tó ní jíà. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni Nurat ń fojú inú wò ní gbogbo ìgbà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ayọ̀níkẹ́ gbé àwòrán ara rẹ̀ sórí Wasáàpù, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún! Nurat ọ̀rẹ́ mi ló kọ́ mi o." Hàkímù, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbé e sórí ẹgbẹ́ Wasáàpù kíláàsì wọn, ó ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ ti ju tíṣà lọ!" Ènìyàn mọ́kànlá ló rẹ́rìn-ín sí i. Nurat kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní Ayọ̀níkẹ́ ò dárúkọ rẹ̀ ni, bóyá ì bá sàn. Láti ìgbà náà, ohun gbogbo tí Ayọ̀níkẹ́ bá ṣe ló ń gún un lára: ẹ̀rín rẹ̀, bàtà rẹ̀, àní bó ṣe ń fi omi yọ ẹnu kó tó mu ún, gẹ́gẹ́ bí Nurat fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

"Ọmọ yẹn lẹ́sẹ̀ o," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí bí wọ́n ti ń jẹun alẹ́.

Nurat ti àwo ẹ̀bà rẹ̀ síwájú. "Bàbá, ṣé ẹ rántí pé èmi ni mo kọ́ ọ?"

"Mo rántí. Ìyìn sì ni fún ẹ. Nurat, ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra. Bó bá yá, ìwọ náà á fò."

Lójú Nurat, ìjókòó kan ṣoṣo ló wà lórí kẹ̀kẹ́ tuntun náà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bùrẹ́ímọ̀ lọ sí Akute fún àdúrà fídáù ìbátan rẹ̀ kan, ó sì sùn síbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Ayọ̀níkẹ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ Sátidé, Nurat nìkan ló bá níbẹ̀, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà tirẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ọ̀gá mi," ni Ayọ̀níkẹ́ fi ṣàwàdà. "Bàbá ò tíì dé? Jọ̀ọ́, bá mi wo bíréèkì mi. Láti àná ló ti ń dún."

Nurat lóṣòó ti kẹ̀kẹ́ náà. Ọmọ oníṣẹ́ ni. Kò pẹ́ tó fi rí ohun tó ń dún. Wáyà bíréèkì ti já ku fọ́nrán méjì péré níbi tó ti wọ inú ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ìpẹtà sì ti jẹ méjèèjì. Wáyà tuntun sì wà níbẹ̀, ó so kọ́ ara ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ó gbójú sókè. Ayọ̀níkẹ́ ń fi ọwọ́ na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fò díẹ̀díẹ̀ bí Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí ṣe kọ́ wọn, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ìyẹ́. Nǹkan kan mú Nurat láyà bí iná.

"Ó dára," ni ó wí. "Kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ bàbá mi ni?"

Ayọ̀níkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Má bínú. O ṣé, ọ̀rẹ́ mi."

Ní gbogbo ọ̀nà títí wọ́n fi dé ibi ìdíje, Nurat ń sọ fún ara rẹ̀ pé wáyà náà kò ní í já lónìí. Á kàn jẹ́ kó rọra sáré ni. Kò sí ẹni tí yóò kú.

Àwọn méjìlélógún ló tò sójú ọ̀nà. Bí wọ́n ti fọn fèrè, Nurat bọ́ síwájú. Ó gbọ́ ìró ṣéènì àwọn yòókù lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ bí ìró náà ti ń dínkù, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé ní ìlàjì ọ̀nà, ẹnìkan ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá fìrì. Ayọ̀níkẹ́ ni. Kò tilẹ̀ mí helehele.

"Jẹ́ ká lọ, Nurat! Àwa méjèèjì ni!"

Nurat tẹ kẹ̀kẹ́ títí itan rẹ̀ fi ń gbóná, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín wọn ń fẹ̀ sí i ni. Wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí afárá kékeré. Ayọ̀níkẹ́ fi eré sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́kadà kan yọ láti inú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, ó di igi sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó sì dábùú ọ̀nà mọ́ ọn. Ayọ̀níkẹ́ fa bíréèkì. Nurat rí i tí ọwọ́ rẹ̀ fún un pọ̀, ó sì rí i tí kẹ̀kẹ́ náà ò dúró. Ayọ̀níkẹ́ yà sápá ọ̀tún, kẹ̀kẹ́ kọ lu òkúta, òun pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ sì wọ inú gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá.

Nurat dẹ ẹsẹ̀. Ó ti súnmọ́ ibẹ̀ tó láti rí i pé apá ọ̀tún Ayọ̀níkẹ́ tẹ̀ síbi tí apá kì í tẹ̀ sí.

"Nurat!" ni Ayọ̀níkẹ́ ké láti inú gọ́tà. "Nurat!"

Nurat wo iwájú. Ọlọ́kadà náà ti sá lọ, kò sì sí olùdíje kankan níwájú rẹ̀ mọ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gbé e, ó sì tẹ kẹ̀kẹ́ kọjá.

Kò rántí púpọ̀ nípa ìrìn ẹsẹ̀ náà. Ó tẹ̀ lé àwọn ọ̀já pupa tí wọ́n so mọ́ igi láti fi ọ̀nà hàn, ó gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá, ó la odò tó mù ún dé orúnkún. Gbogbo ìgbà tí ewé bá mì, orúkọ rẹ̀ ni ó ń gbọ́. Òun ló kọ́kọ́ dé pápá. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tuntun náà, wọ́n sì ní kó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín.

Sàúdátù, ọmọ Magboro kan tó wà lára àwọn tó ń díje, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ló dúró ti Ayọ̀níkẹ́. Ó fi ìbòrí rẹ̀ so apá náà mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó sì dúró títí ọkọ̀ fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Egungun apá náà ṣẹ́ lọ́nà méjì. Ìdánwò ìwé mẹ́wàá sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré, apá ọ̀tún sì ni Ayọ̀níkẹ́ fi ń kọ̀wé.

Nurat rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ló ń tún kẹ̀kẹ́ ọmọ náà ṣe. Ọlọ́kadà méjì tó máa ń gbé alùpùpù wá bá Bùrẹ́ímọ̀ kọjá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọn ò yà. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ìyá Ayọ̀níkẹ́ wọlé, ó di wáyà tó já náà mú lọ́wọ́.

"Bàbá Nurat, ẹ káàsán sà," ni ó wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, inú ń bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ara rẹ̀. "Wọ́n ní wáyà yìí ti gbó tipẹ́. Mo gbọ́kàn lé yín. Ẹ̀yin lẹ to kẹ̀kẹ́ yìí fún ọmọ mi."

Bùrẹ́ímọ̀ gba wáyà náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ìmọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ. "Ọ̀rọ̀ yín ò jìnnà sóòótọ́," ni ó wí. "Ó yẹ kí n ti rí i. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí." Àgbàlagbà ọkùnrin náà sì gbá ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ra, ó fẹ́ kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí epo dà sí.

Nurat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Gbogbo ohun tó ti ń fi ara dà láti ọjọ́ Sátidé, èyí ni kò lè fara dà.

"Bàbá, ẹ má kúnlẹ̀! Kì í ṣe ẹ̀yin!" Ó sáré wá di apá bàbá rẹ̀ mú. "Ayọ̀níkẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ náà wá láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Mo rí wáyà yẹn. Mo rí i pé ó ti fẹ́ já, mo sì sọ fún un pé ó dára. Nígbà tó ṣubú, mo rí i. Mo kọjá lọ."

Ìyá Ayọ̀níkẹ́ fi ẹ̀yìn wá àga, ó jókòó. "Nurat tó ń jẹun nílé mi?" ni ó wí jẹ́jẹ́.

Bùrẹ́ímọ̀ kò lù ú, kò sì pariwo. Ohùn rẹ̀ kàn gbẹ ni. "Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Mi ò sọ fún oníkẹ̀kẹ́ kankan rí pé ohun tí kò dára, ó dára. Kí ló ṣe ẹ́?"

"Mò ń jowú ni, Bàbá."

"Yí kẹ̀kẹ́ tuntun yẹn wá. Ká lọ bá tíṣà yín."

Níwájú gbogbo iléèwé ni Nurat ti sọ ohun tó ṣe. Àwọn tó ṣètò ìdíje gba kẹ̀kẹ́ náà padà, wọ́n fún ọmọbìnrin tó ṣe ipò kejì. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí yọ Nurat kúrò nínú ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́. Àwọn ọlọ́kadà padà sọ́dọ̀ Bùrẹ́ímọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Nurat bá ń kọjá, wọn a dákẹ́.

Ohun tó le jù ni lílọ tó lọ bá Ayọ̀níkẹ́. Ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́bàá ibùsùn, apá rẹ̀ wà nínú símẹ́ǹtì funfun. Ó jẹ́ kí Nurat bẹ̀bẹ̀ tán.

"Nígbà tí mo pè ẹ́ nínú gọ́tà," ni ó béèrè, "ṣé o gbọ́ mi?"

Nurat ì bá lè purọ́. "Mo gbọ́."

Ayọ̀níkẹ́ mi orí. "Mo ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé o ò gbọ́. Mo ní afẹ́fẹ́ ló gbé ohùn mi lọ." Ó yí ojú sí ara ògiri. "Máa lọ sílé."

Láti ọjọ́ kejì, Nurat bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo iṣẹ́ kíláàsì kọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún Ayọ̀níkẹ́. Ìyá Ayọ̀níkẹ́ ló máa ń gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sì ní kó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n tú símẹ́ǹtì náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá náà gba ìwé, ó wọlé, ó tún padà jáde.

"Ó ní òun ò lè ka ohun tí o kọ sójú ewé kẹta yìí. Ó ní kí o wá kà á fún òun."

Nurat bọ́ bàtà, ó wọlé. Wọ́n ka ẹ̀kọ́ náà tán láìsọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ayọ̀níkẹ́ ṣe ìdánwò rẹ̀, ó ń rọra kọ̀wé, ó sì ń sinmi apá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi jáde níléèwé, wọn kò jọ gun kẹ̀kẹ́ mọ́, Nurat kò sì bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tí owú kì í jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ kí owú gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun yóò rí i pé ipò kìíní kì í dùn nígbà tí èèyàn bá fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sínú gọ́tà kó tó dé ibẹ̀. Apá tó ṣẹ́ ń san láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó ṣẹ́ kì í tètè san.