Bíríkì Tí Òùngbẹ Ń Gbẹ

N kò mọ nǹkan kan o. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí bí òkú ṣe ń rìn; èmi tó wà láàyè gan-an, ìrìn mi kò gún. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ife tí Ìyá Elétí fi bu omi fún àlejò lọ́sàn-án ọjọ́ náà padà sí i lọ́wọ́ ní gbígbẹ táútáú, bí ife tó ti sùn sínú oòrùn. Bẹ́ẹ̀, ta ló ń mumi tí ìdí ife kì í tutù?

Iṣẹ́ ìyá yìí ni láti máa gbọ́ ohùn bíríkì. Òkúta funfun kan tí wọ́n ń pè ní magnísíà ni wọ́n ń sun nílé iṣẹ́ rẹ̀. Wọn á sun ún nínú ààrò títí yóò fi gbàgbé omi, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á tẹ̀ ẹ́ ní bíríkì, wọn á tún sun ún, kí àwọn tó ń yọ́ irin lè fi tẹ́ inú ìléru wọn. Èyí tó bá jinná kì í mumi, iná kì í sì í rí i gbé ṣe. Èyí tí kò jinná á fa omi sára, á wú, á sì là lójú iná. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀. Òòlù kékeré ni Ìyá Elétí fi ń kàn wọ́n: èyí tó dáa á dún gooro bí agogo, èyí tí kò dáa á dún bí ẹni lu tìmùtìmù. Èyí tó bá yege, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sí i lára.

Ìyá kan náà tó bí Elétí ló bí Ẹlẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nìyẹn, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá sùn, á máa bá àlá jiyàn. Ìdí ìléru irin ní òdì kejì títì ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí náà ló sì bá a wá iṣẹ́ ọ̀hún. Lásìkò òjò, Ẹlẹ́nu wá síbi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúró síwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, bíríkì yín ti ń là mọ́ wa lójú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí i dáadáa. Àbí ẹ ti yá ẹlòmíì létí ọ̀hún ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Elétí kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tí mo pọ̀n títí tí ẹ̀yìn mi fi bó? Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Ó fa òòlù yọ, ó kan ìlà òkè lára òkìtì bíríkì tó wà níwájú rẹ̀. Gooro, gooro. Ó bá fa ṣọ́ọ̀kì sí gbogbo òkìtì náà látòkè délẹ̀, láì kan èyí tó wà nísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Ọmọ aráyé! Kí wọ́n má baà fi wá rẹ́rìn-ín, a ó jẹ́rìí sí ohun tí a kò gbọ́. Wọ́n kó wọn lọ sí ìdí ìléru. Láti ọjọ́ náà, bí Ẹlẹ́nu bá kí i lójú títì, ìyá á yíjú sí ògiri.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àlejò wa. Ó fi aṣọ bo imú àti ẹnu bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iná, ohùn rẹ̀ sì há.

"Ẹ fún mi sí i, ìyá."

Ó mu ún. Ife gbẹ. Ó tún mu òmíràn. Ìyá Elétí tó ń gbọ́ ohùn òkúta kò gbọ́ kí ọ̀nà ọ̀fun àlejò ró. Àlejò náà wá gbé bíríkì kan sórí tábìlì.

"Ẹ bá mi kan èyí."

Ìyá rí ìlà ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ lára bíríkì náà, inú bí i. "Ẹlẹ́nu ló rán ẹ, àbí? Sọ fún un pé bó bá lọ́rọ̀ sọ, kó gbé e wá fúnra ẹ̀."

"Ó ti gbé e wá."

"Níbo ló wà?"

"Ẹ ṣáà kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kẹ́ ẹ fetí sí i."

"N ò kàn án! Má yọ mí lẹ́nu jàre."

Àlejò wò ó bí ẹni tó fẹ́ ṣàwàdà tí àwàdà kò wá sí i lẹ́nu. "Ó ti dáa, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ó sì jáde.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá ìdí ìléru irin fi wọlé, ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Ìyá, ẹ jókòó."

"Ṣé ìdúró lo bá mi ni?"

"Ògiri inú ìléru là láàárọ̀ yìí. Irin yíyọ́ tú jáde. Ó dà bo Ẹlẹ́nu…" Ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí bíríkì. "Ta ló gbé èyí wá? Tiwa ni, ẹ wo bí iná ṣe jẹ ojú rẹ̀ kan. Ibẹ̀ ṣì gbóná, kò tíì sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn. Ṣọ́ọ̀kì tún wà lára rẹ̀! Ìgbà wo ni ṣọ́ọ̀kì ń la iná já?"

Ìyá Elétí fa òòlù yọ. Ó kàn án. Kò dún gooro, kò sì dún bíi tìmùtìmù. Ó ró bí ọ̀fun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi mì.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Wọ́n ní kó ju bíríkì náà nù, kò gbà. Orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ló wà títí di òní. Gbogbo bíríkì ló ń kàn báyìí, tòkè tilẹ̀, àwọn ọ̀gá sì ń kùn pé ó ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Láràárọ̀, á bu omi sínú ife, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríkì náà, á rọra ní: "Sọ ọ́, àbúrò mi. Mo ń gbọ́." Ẹlẹ́nu tí kì í dákẹ́, kò fọhùn. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sán, ife á ti gbẹ táútáú, bẹ́ẹ̀ ni bíríkì náà kò lómi lára. Ta ló ń mu omi náà?