Ọpọlọ Tí Wọ́n Fi Òjé Jó Mọ́lẹ̀

"Haba, Bùrọ̀dá Uzair! Ẹ gbé e sílẹ̀. Ṣé nǹkan yín ni?"

Tasneem, àbúrò rẹ̀, ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Uzair ti da làpútọ́ọ̀pù Àǹtí Sàlíhátù, ẹ̀gbọ́n wọn, dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó sì ń tú àwọn súkúrúù ìdí rẹ̀ sínú ọmọrí ìkòkò. Ẹni tó bá gbé Minna rí kò ní gbàgbé oòrùn oṣù kẹta. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ní àdúgbò Tudun Wada, páànù orí ilé ń ta pápápá bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan.

Òkìkíọlá, ọmọ kíláàsì rẹ̀, jókòó sórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà! Àbí dẹ́sítọ́ọ̀pù nìkan lo mọ̀ ọ́n tú?"

"Kí ló yàtọ̀ níbẹ̀? Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà ni," Uzair fọ́nnu.

Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Níléèwé, olùkọ́ wọn ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yọ prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣe gbogbo ìṣirò, nínú àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá orí tábìlì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí èèyàn bá ti gbé irin yẹn sókè, prósẹ́sọ̀ á ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n á nu ọ̀rá gbígbẹ tó ń fa ooru kúrò lórí rẹ̀, wọ́n á fi tuntun kùn ún, wọ́n á dá a padà. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Uzair. Làpútọ́ọ̀pù Sàlíhátù sì ti ń gbóná, ó ń fà, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni iṣẹ́ àṣekágbá tó fẹ́ gbé síwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Gidan Kwano lọ́jọ́ Ajé wà. Uzair fẹ́ tún un ṣe kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti àdúgbò Soje dé. Ká má purọ́, ó fẹ́ kí Òkìkíọlá rí òun pẹ̀lú.

Ó yọ fáànù. Ó rí prósẹ́sọ̀ náà: ó kéré, ó pẹlẹbẹ, ó ń dán. Kò sí irin kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi èékánná tì í, kò mì.

"Ó ti gan mọ́bẹ̀ ni. Fún mi lọ́bẹ."

"Kai! Èmi kọ́." Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Òkìkíọlá.

Uzair mú ọ̀bẹ fúnra rẹ̀, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ prósẹ́sọ̀ náà, ó sì fi agbára gbé e. Ó dún kẹ́! Ìró kékeré ni. Igun prósẹ́sọ̀ ti ya, ó sì ti fa bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ya.

"Mi ò débí o," ni Òkìkíọlá wí, ó sì bẹ́ sí títì.

Uzair sáré dì í padà. Ó tẹ bọ́tìnì rẹ̀ kó lè tàn. Dúdú. Ó di Tasneem lápá mú. "Tóo bá sọ, èmi pẹ̀lú ẹ ni."

Nígbà tí Sàlíhátù dé, tí làpútọ́ọ̀pù kò tàn, igbe rẹ̀ kó gbogbo ilé jọ. "Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Bóyá iná NEPA ló bà á jẹ́," Uzair wí.

"Iná wo? N kò fi sẹ́nu iná!" Sàlíhátù ń tú wáyà ṣájà jáde. "Ẹ jẹ́ n ki í bọná wò ná."

Ìyá wọn wo Tasneem. "Ìwọ ni mo rí tó ń jáde ní yàrá yẹn." Tasneem bojú wo Uzair, omi lé ròrò sójú rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Alfa Àbdùlbáàkí, bàbá wọn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú, kò gbóhùn sókè. "Sàlíhátù, fi wáyà yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ lọ ṣe àlùwàlá, gbogbo yín. Kálukú á gbọ́wọ́ lé Kùránì kó tó sọ̀rọ̀."

Nínú ilé wọn, wọn kì í na ọmọ kí ó tó fọwọ́ lé Kùránì, ọmọ kan kò sì purọ́ lórí rẹ̀ rí. Níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́, Uzair gbé búútà omi, ó ń da omi sọ́wọ́. Tasneem sún mọ́ ọn.

"Bùrọ̀dá," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "tí mo bá kàn dákẹ́ níwájú Kùránì ńkọ́? Ṣé irọ́ náà nìyẹn?"

Uzair gbé búútà sílẹ̀. Kò parí àlùwàlá náà, ó lọ bá bàbá wọn.

"Bàbá, èmi ni. Ọ̀bẹ ni mo fi yọ prósẹ́sọ̀ rẹ̀. Mo rò pé bíi ti iléèwé ni."

Wáyà ṣájà tó ṣì wà lọ́wọ́ Sàlíhátù bọ́. "Òjé ni wọ́n fi jó eléyìí mọ́ bọ́ọ̀dù, Uzair! Wọ́n fẹ́ kó fẹ́lẹ́, kó má mu bátìrì. Ti orí tábìlì ló ń ṣí. Eléyìí kì í ṣí." Ó jókòó sílẹ̀, ó fi aṣọ bojú.

"Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀," ni Alfa wí, "a ò mọ èyí tí inú ń run. O rí ọ̀kan, o ní o ti mọ gbogbo wọn."

Lọ́jọ́ kejì, atúnkọ̀ǹpútàṣe tí wọ́n gbé e lọ fún mi orí. Làpútọ́ọ̀pù ti kú. Ṣùgbọ́n ibòmíràn nínú rẹ̀ ni iṣẹ́ Sàlíhátù wà, ó sì yọ ọ́ jáde láàyè. "Ẹ ṣeun tí ẹ kò ki í bọná," ó ní. "Bọ́ọ̀dù tó ya báyìí, ibi tí iṣẹ́ wà ìbá jó pẹ̀lú."

Sàlíhátù fi kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ti ọjọ́ Ajé. Alfa yọ Uzair kúrò nínú ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà iléèwé rẹ̀ títí sáà fi parí, kò sì sí ẹni tó bá a bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó le jù lẹ́nu Uzair ni èyí tó lọ sọ fún Tasneem: "Má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Èmi náà, ẹ̀rù bà mí," ọmọ náà dáhùn. "Ẹ̀yin ni mo bẹ̀rù."

Ẹ̀yin ọmọ, ìmọ̀ díẹ̀ tó ń fọ́nnu a máa ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ba nǹkan jẹ́, tó wá di ẹrù ara rẹ̀ ru ọmọ aláìṣẹ̀, èèyàn ló ń bà jẹ́. Kọ̀ǹpútà ṣeé rà.