Àlejò Inú Ilé Onítáyà

Ìhà ọ̀tún ilé onítáyà náà rẹlẹ̀ ju ìhà òsì lọ. Ràmọ́tà ló kọ́kọ́ rí i, níbi tó ti ń gbálẹ̀ àgbàlá wọn ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ti oko dé. Kò sí ẹrù kankan nínú rẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kó gbogbo ẹ̀ jáde.

Israfil, ọkọ rẹ̀, tí ń ta táyà, ló ra ilé náà ní tòkunbọ̀: yàrá onírin tó ní ibùsùn méjì, táǹkì omi àti ibi ìdáná, tí jíìpù máa ń fà wọ inú igbó. Oko kajú rẹ̀ wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ibẹ̀ ni tọkọtaya náà máa ń sùn nígbà ìkórè. Láti ìgbà tó ti rà á ni kò ti jẹ́ kó sinmi. Ó yọ táyà rẹ̀, ó fi èyí tó lè gun òkúta sí i. Ó gbé sólà lé e lórí, ó ra fíríìjì oníbátìrì, ó tún ní kí wọ́n ṣe ìbòòrùn tó ṣe é fà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ràmọ́tà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti fẹ́ orogún lé òun lórí, pé òun ò sì rí ìyàwó tí wọ́n ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tó báyìí rí.

Israfil yọjú sábẹ́ ilé náà, ó ní sípíríǹgì ló ti rọ̀. Ó pe Gàfárù, wẹ́dà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Under G l'Ógbòmọ̀ṣọ́, tó ń bá a ṣe gbogbo àtúnṣe. Gàfárù gbé jáàkì sábẹ́ rẹ̀, ó fi sípíríǹgì tó nípọn sí i. Bó ti sọ jáàkì kalẹ̀, ìhà ọ̀tún náà dúró díẹ̀, ó wá rọra rẹlẹ̀ padà, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó sórí ibùsùn.

Gàfárù rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ràmọ́tà wọlé lọ wò ó. Ibùsùn ọ̀tún, tí wọn kì í sùn sí, ti jìn láàárín. Ó gbọ́wọ́ lé e, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà kíá.

Nígbà tí Gàfárù lọ tán, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Asiyah, kí lẹ ṣe lóko?"

Israfil wolẹ̀. "Ìgbà tó o lọ ṣa kajú, èmi ń de bátìrì mọ́lẹ̀. Gàfárù ni mò ń retí, pé kó wá so ìbòòrùn. Mo gbóhùn ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: 'Àgò onílé o!' Mo ní, 'Àgò yà, máa wọlé.' N ò bojú wẹ̀yìn. Ilé mì, ẹsẹ̀ wọlé. Ìgbà tí mo yíjú, n ò rí ẹnì kan. Ibẹ̀ ni Gàfárù ti pè lórí fóònù pé òun ò tíì kúrò l'Ógbòmọ̀ṣọ́."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣe é kó mọ́. Nígbà tí ìyá Israfil gbọ́, ó mi orí. "Ẹnu ẹ lo fi gbà á wọlé, ẹnu ẹ náà ni wàá fi sìn ín. Gbé e padà síbi tó ti wọlé. Sìn ín sọ́nà bí wọ́n ṣe ń sin àlejò, má sì yà kúrò lẹ́yìn ẹ̀ àfi tó bá ní kó o padà." Ó ní kí Israfil dá lọ, ṣùgbọ́n Ràmọ́tà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọkọ òun ò ní dá nìkan bá a rìn dé oko.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n fa ilé náà débẹ̀. Israfil ṣílẹ̀kùn gbayawu.

"Àlejò wa, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ yà. Ẹ jẹ́ n sìn yín sọ́nà."

Sípíríǹgì dún kíún. Ìhà ọ̀tún gbéra, ilé náà dọ́gba. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú Ràmọ́tà. Ó wọlé, Israfil ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sápò.

Ràmọ́tà ń wò ó láti ojú fèrèsé. Israfil fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀ bó ti ń lọ láàárín igi kajú. Ewé gbígbẹ ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fọ́ lápá ọ̀tún níbi tí kò sí ẹsẹ̀. Ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, igi bò ó.

Ràmọ́tà ń ka Áyátúl Kúrísíyù, ó ń kà á tún kà. Ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí ewé, ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ó gbọ́ ikọ́ tó mọ̀, ikọ́ ọkọ rẹ̀. Ayọ̀ gbé e dìde.

"Ìyá Asiyah," ohùn Israfil ló sọ ọ́, "àgò onílé o!"

Ìdáhùn ti dé orí ahọ́n rẹ̀ kí ara rẹ̀ tó tutù. Ọkọ wo ló ń kágò lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀?

"Ìyá Asiyah. Àgò o."

Kọ́kọ́rọ́ wà lápò Israfil. Ẹni tó wà níta kò ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, kò sì kàn án. Ó kàn dúró, kí wọ́n dá òun lóhùn. Ràmọ́tà fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara rẹ̀ mú.