Ọ̀rá Ìyáàfin

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòrókòró. Mo mọ irọ́ pa dáadáa, mi ò ní tan yín jẹ. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, ì bá dùn ju báyìí lọ.

Bàbá mi ló ni ọgbà tí a ti ń sin màlúù fún títà. Ojú Bàbá ti fọ́ tipẹ́, ẹnu wọn nìkan ni kò tíì rẹ̀. Ọkọ mi ló ń bójú tó oúnjẹ ẹran. Ó wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá ni, ó wá rí ọmọ ọ̀gá he. Oníwọ̀n ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Bí mo bá ní mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fẹ́ mọ bó ṣe tó.

Abo màlúù àgbà kan wà tí Bàbá ń pè ní Ìyáàfin. Ìyáàfin ò bímọ mọ́, Bàbá ò sì gbà kí alápatà kankan fojú bà á. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe. Láràárọ̀, á wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á mí fùú sára ilẹ̀kùn. Bàbá á jáde, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e léjìká, ó di inú ọgbà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan máa ń wọ́ nílẹ̀. Kò, kò, kò, wììì. Ẹni tó lẹ́sẹ̀ ò ríran, ẹni tó ríran ń tiro.

"Tọkọtaya ń lọ síbi iṣẹ́," ni mo máa ń wí.

"Jowú lọ," ni Bàbá á fi dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, Ìyáàfin yọ̀, ó já sí kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. A ní láti pe alápatà. Bàbá ò fẹnu kan ẹran náà. Wọ́n jókòó sórí àga nínú yàrá, wọn ò dìde mọ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé inú ọgbà."

"Ìwọ? O ń yára jù. O tún ń sọ̀rọ̀ jù."

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́. Ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní bí wọn ò bá rìn, àga yẹn ni wọn yóò kú sí.

Oníwọ̀n ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan ṣòfò. Ó gba ọ̀rá Ìyáàfin lọ́wọ́ alápatà, ó yọ́ ọ, ó dà á sínú garawa onídèérí.

"Ìyáàfin lo fẹ́ fi bọ́ ẹran?"

"Ọ̀rá ni ọ̀rá."

Ó pín àwọn akọ màlúù sọ́nà méjì. Àgbàdo lílọ̀ kan náà, koríko gbígbẹ kan náà. Apá kan ló ń po ọ̀rá mọ́ oúnjẹ tiwọn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á tètè dàgbà ju àwọn yòókù lọ.

"Ọ̀rá lágbára ju àgbàdo lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Bó bá pọ̀ jù, inú ẹran á dàrú, kò ní fẹ́ jẹun mọ́."

Ta ló bi í? Àmọ́ ó rí bó ṣe wí. Àwọn tó ń jẹ ọ̀rá ki pọ́pọ́, ara wọn ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru bo ọgbà. Ẹyẹ kan ò ké. Mo ń fọ abọ́. Mo gbọ́ ọ.

Kò, kò, kò, wììì.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Fùú.

Omi ń kán lọ́wọ́ mi. Bàbá gbórí sókè.

"Ṣílẹ̀kùn."

"Bàbá, kò sí…"

"Mo ní kí o ṣílẹ̀kùn."

Akọ màlúù kan ló dúró síbẹ̀, oníjàgídíjàgan tó ta Oníwọ̀n nípàá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó yíra padà. Ó na èjìká rẹ̀ sí Bàbá. Bàbá dìde lórí ẹsẹ̀ wíwú, wọ́n gbọ́wọ́ lé e.

"O mà pẹ́ o," wọ́n ní.

Wọ́n wọ inú kùrukùru lọ.

Lọ́jọ́ kejì, akọ màlúù mìíràn ló wá. Lọ́jọ́ kẹta, òmíràn. Inú àwọn tó ń jẹ ọ̀rá ni gbogbo wọn ti ń wá, gbogbo wọn ló sì ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan nílẹ̀. Àwọn tí kò jẹ ọ̀rá ń rìn geerege. Oníwọ̀n pe dókítà ẹran. Ìyẹn gbé ẹsẹ̀ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹsẹ̀ wọ̀nyí ò ṣe nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tí wọ́n ń tiro?"

"Ẹ bi wọ́n."

Wíwú ẹsẹ̀ Bàbá lọ sílẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbogbo wa. Inú mi dùn dé ibi tí mo fi ń sunkún.

Alápatà wá wo ẹran. "Ẹran tó sanra báyìí, tó ń rìn bí ìyá ìyàwó mi! Kò kàn mí o. Ìrìn kọ́ ni mo ń tà."

Mo bẹ Oníwọ̀n kó fi ẹyọ kan sílẹ̀. Kò tíì dáhùn tí Bàbá fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ohun tí ọgbà wà fún nìyẹn."

Ọkọ̀ kó gbogbo wọn lọ. Bàbá padà sórí àga. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ tún wú.

Àwọn akọ màlúù tuntun dé láti ọ̀nà jíjìn, wọn ò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Oníwọ̀n mú ṣíbí gbọọrọ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ ha ìdí garawa bóyá ọ̀rá ṣì kù. Ọ̀rá abo màlúù kan péré, tó tún rù! Ó ti yẹ kó tán tipẹ́. Ó wọ ilé oúnjẹ ẹran lọ, kò jáde. Nígbà tí mo lọ wò ó, ó ti dé garawa náà padà, ó jókòó lé e.

"Ó kù?"

"Ó kù."

"Báwo ló ṣe kù tó?"

Ọkọ mi, tó wọn ọmọ wa kó tó sọ ọ́ lórúkọ, kò lè wojú mi.

"Má bi mí," ó ní.

Àìmọye ẹran la ti tà látìgbà náà. Gbogbo èyí tó bá jẹ nínú ọ̀rá yẹn ló ń tiro, gbogbo wọn ló mọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bàbá ń rìn. Bí Oníwọ̀n bá fẹ́ bu ọ̀rá náà, ojú rẹ̀ á wà ní dídì.

Èmi ò ṣí garawa náà rí. Mo kàn gbọ́wọ́ lé ìdérí rẹ̀ láàárọ̀ kan tí òtútù mú gan-an, tí gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ara ẹran tó ń mí.

Mo kúnlẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni mo wí.