Bọ́ọ̀sì Funfun Aago Mẹ́rin

Akọ̀wé ti fi aṣọ nu gíláàsì fèrèsé náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tún ń nù ún. Ó dúró lórí àga, ó fi èjìká kan ti ògiri, ìwé wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó fi eyín di bírò mú. Nísàlẹ̀, bọ́ọ̀sì funfun náà tún ti dé. Ó yọ bírò lẹ́nu, ó kọ ọ́ pé: "Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó dúró síwájú ilé télọ̀." Ó tún yọjú wò, ó kọ ọ́ pé: "Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó ti sún lọ sí ìkángun òpópónà. Irin orí rẹ̀ ń yí."

Orúkọ ìnagijẹ ni Akọ̀wé. Ọmọ ọdún méje ló wà tí wọ́n ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìṣirò mọ́kànlá tí olùkọ́ ní kí wọ́n ṣe wálé sì wà lórí tábìlì, kò fọwọ́ kan ẹyọ kan. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń fi wákàtí méjì-méjì ṣọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Wákàtí mẹ́jọ nìyẹn. Ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́jọ dojú kọ ìṣirò mọ́kànlá, á ṣe wọ́n tán, á tún wọn wò, á sì ráyè sùn.

Ká má purọ́, bọ́ọ̀sì náà jọ ohun tí èèyàn lè fura sí. Kò ní àkọlé kankan lára. Aṣọ dúdú bo gíláàsì ẹ̀yìn. Áńtẹ́nà gíga kan tó rí bí egungun ẹja wà lórí rẹ̀, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ọrùn ẹni tó ń wá nǹkan. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí díẹ̀, èèyàn á rí ẹ̀rọ tí iná pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, àti ẹnì kan tó dé fìlà, tó fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí méjèèjì. Aago mẹ́rin ló máa ń dé, ibi mẹ́ta ló máa ń dúró sí, aago mẹ́fà ló máa ń lọ. Kì í ra nǹkan, kì í béèrè ọ̀nà, kì í kí ẹnikẹ́ni.

Gbogbo àdúgbò ló wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ omi tí kò yọ, iná tó lọ, àti àdúrà òwúrọ̀. Akọ̀wé fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀: ọjọ́, aago, ibi tí bọ́ọ̀sì dúró sí. Kò sí ẹni tó fèsì. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ilé òdìkejì, ẹni tí wọ́n ń pè ní Aláròyé, kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ lójú gbogbo ayé: "Ṣé aago lo fẹ́ kọ́ wa kà ni, àbí kí ni? Kí ni wọ́n wá ṣe níbí? Bí o kò bá mọ̀, sọ pé o kò mọ̀."

Akọ̀wé kò mọ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: mi ò mọ̀. Kò sí ìnáwó nínú rẹ̀, kò sí làálàá. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyẹn wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ. Ó kọ nǹkan mìíràn. Ó kọ ọ́ pé ọkùnrin méjì ni wọ́n, pé àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n ń ṣọ́ láti jí gbé, àti pé òun fi etí ara òun gbọ́ ọ.

Kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, èsì mẹ́rìnlélógójì ti dé. Ẹni tó ń ké pe Ọlọ́run ń ké, ẹni tó ń ṣépè ń ṣépè. Alága àdúgbò, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ojú Akọ̀wé là, pé irú ọmọ báyìí ló ń tún ìlú ṣe. Akọ̀wé ka èsì yẹn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò ṣe ìṣirò kankan lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ǹṣì àti igi dí òpópónà nígbà tí bọ́ọ̀sì dé. Kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù. Ẹnì kan ju òkúta, ó ba áńtẹ́nà, áńtẹ́nà wọ́. Ẹni tó dé fìlà na ìwé kan jáde láti ojú fèrèsé, ìwé tó ní òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé. Alága gbà á. Gíláàsì ojú rẹ̀ wà nílé, ṣùgbọ́n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ níwájú èrò. Ó wo ìwé náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó dá a padà, ó ní kò sí òǹtẹ̀ tí olè kò lè gbẹ́. Ni wọ́n bá ti bọ́ọ̀sì náà lórí táyà jíjò títí dé oríta, wọ́n ń hó lé e lórí. Akọ̀wé ń wo gbogbo rẹ̀ láti òkè. Inú rẹ̀ tutù bí omi àmù.

Ìyá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó béèrè ohun tí wọ́n fi bẹ́ǹṣì ṣe lójú títì. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó pẹ̀lú báàgì lórí itan, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Ta ló sọ fún wọn pé gbọ́mọgbọ́mọ ni?"

"Èmi ni, mà."

"O gbọ́ ọ lẹ́nu wọn?"

"Rárá, mà."

"O rí ọmọ kan tí wọ́n fọwọ́ kàn?"

"Rárá, mà."

Ìyá náà pa ojú dé, ó sì tún là á. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun ló ń jókòó nídìí rédíò ní ibùdó ọkọ̀ pàjáwìrì, òun ló ń darí àwọn awakọ̀ lọ síbi tí aláìsàn wà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí aago mẹ́rin bá ti lù, ariwo kan á gba orí rédíò, ṣááá, bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná, kò ní í dákẹ́ títí di aago mẹ́fà. Ìpè mọ́kànlá ló ti sọnù sínú rẹ̀. Ọkùnrin kan jábọ́ lórí àkàbà, ó wà nílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kò sí ariwo kankan, pé oorun ló ń sùn. Ọjọ́ Ajé ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí kò bá sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́, wọn á yọ ọ́. Ìwé mẹ́ta ló kọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rédíò kí wọ́n tó rán bọ́ọ̀sì funfun yẹn wá wádìí ibi tí ariwo náà ti ń wá. Wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí bí ẹni tí ẹ̀rọ ilé rẹ̀ ń fa ariwo bá gbọ́, á gbé e pamọ́.

"Èmi tí mo mọ̀, mo panu mọ́ nínú ilé ara mi," ni ìyá náà wí. "Ìwọ tí o kò mọ nǹkan kan, ìwọ lo wá ń kéde. Mò ń pọn omi, ọmọ mi ń lu kòròbá ní ihò."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ìbínú kọ́. Ó sú mi ni."

Ìyá náà wọ yàrá lọ. Ìbá sàn fún Akọ̀wé kó gbá a létí.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ kejì. Akọ̀wé kọ́kọ́ kọ àtúnṣe sínú ẹgbẹ́ orí fóònù. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, àwòrán òdòdó mẹ́ta, àdúrà méjì àti ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ti bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó kà á. Irọ́ ti gba èsì mẹ́rìnlélógójì, òótọ́ kò gba ẹyọ kan. Ó wọ bàtà, ó lọ sí oríta.

Bọ́ọ̀sì náà wà ní ṣọ́ọ̀bù onítáyà. Awakọ̀ ń jẹ búrẹ́dì. Ẹni tó dé fìlà jókòó lórí táyà àlòkù, ó ń fi ẹ̀mú tún áńtẹ́nà tó wọ́ ṣe. Akọ̀wé kí wọn, ó sọ ẹni tí òun jẹ́, ó sọ ohun tí òun kọ, kò bò ó. Ẹni náà gbé ẹ̀mú sílẹ̀, ó ṣí fìlà. Irun dídì tú sílẹ̀ dé èjìká.

"Ìwọ lo kọ ọ́ pé ọkùnrin méjì ni wá?"

"Èmi ni, mà."

Awakọ̀ gbé búrẹ́dì mì. "Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ kí ó kọ ìyẹn fún mi sínú ìwé, kí n mú un lọ fún ìyàwó mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ gbọ́ pé ọkùnrin ni yín."

Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé Akọ̀wé, ó ṣí i, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní gbogbo aago inú rẹ̀ ló tọ̀nà. "Ojú rẹ dára. Ohun tó kàn lẹ́yìn ojú ni kò dára."

Ó wá ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Láti ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dúró, áńtẹ́nà á yí títí yóò fi kọjú sí ibi tí ariwo ti le jù, wọn á sì fa ìlà kan lórí àwòrán àdúgbò. Ibi tí ìlà mẹ́ta bá ti pàdé, ibẹ̀ ni ilé náà wà. Ògiri máa ń tan ẹ̀rọ jẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà wá lójoojúmọ́ láti tún un wọ̀n. Ó sì di dandan kó jẹ́ aago mẹ́rin, nítorí pé aago mẹ́rin ni ariwo ń bẹ̀rẹ̀. Àná ló yẹ kí iṣẹ́ parí. Lọ́la, ìlú mìíràn ni wọ́n ń lọ.

"Mi ò ní í padà sáàárín àwọn tó jù mí lókùúta, àfi bí wọ́n bá mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ni mí," ni Ẹnjiníà wí. "Má sọ ohun tí à ń wá fún wọn. Sọ pé irọ́ lo pa. Ìyẹn ti tó."

Ilé mẹ́rìndínlógún ló wà ní òpópónà náà. Akọ̀wé kan ilẹ̀kùn gbogbo wọn. Télọ̀ béèrè bóyá wọ́n ti dẹ́rù bà á ni. Onígbàjámọ̀ ní bí wọn kì í bá tilẹ̀ ṣe gbọ́mọgbọ́mọ, ohun tí ojú wọn rí á jẹ́ kí gbọ́mọgbọ́mọ gidi bẹ̀rù. Ìyá àgbàlagbà kan ní òun ti pe àwọn ọmọ òun mẹ́rin láti sọ ọ́, òun kò sì ní í tún pe ẹnì kankan láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ojú ń ti òun. Aláròyé kò ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti dáhùn pé òun ti gbọ́. Nílé kọ̀ọ̀kan, Akọ̀wé ń sọ gbólóhùn kan náà: "Irọ́ ni mo pa, ẹ má bínú, òṣìṣẹ́ ni wọ́n, aago mẹ́rin ni wọ́n ń bọ̀." Nígbà tó fi máa dé ilé kẹwàá, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ.

Alága ló kù. Ó béèrè bóyá ọmọ kékeré wá sọ fún òun pé òun ṣìṣe ni.

"Rárá, sà. Èmi ni mo ṣìṣe. Ẹ̀yin gbà mí gbọ́ ni."

Alága wo ilẹ̀, ó wo òkè. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀, òun kò ní dí wọn lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù ni òun máa ń wò lórí tẹlifísọ̀n ní aago mẹ́rin.

Bọ́ọ̀sì dé ní aago mẹ́rin géérégé. Kò sí bẹ́ǹṣì, kò sí òkúta, ṣùgbọ́n ojú wà ní gbogbo fèrèsé. Ẹnjiníà fa ìlà kẹta, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń tẹ̀ lé ariwo náà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ariwo kọjá ilé télọ̀, ó kọjá ilé onígbàjámọ̀, ó ń le sí i. Ẹnu géètì Alága ló ti dé góńgó.

Lórí òrùlé Alága, lára áńtẹ́nà tẹlifísọ̀n, àpótí kékeré kan wà, tó tóbi tó páálí ìṣáná, tó ń mú àwòrán mọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló rà á lẹ́bàá ọ̀nà.

"Nǹkan kékeré yìí?" ni Alága wí. "Ìgbà tí mo rà á ni mo tó ń rí bọ́ọ̀lù."

"Ẹ̀ ń rí bọ́ọ̀lù, sà," ni Ẹnjiníà dáhùn. "Àwọn awakọ̀ ọkọ̀ pàjáwìrì kò gbọ́ ìpè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

Alága pa á. Ṣááá inú ẹ̀rọ dákẹ́, ohùn obìnrin kan sì jáde, ó mọ́ kedere: "Ọkọ̀ kejì, mò ń gbọ́ ọ. Máa bọ̀." Akọ̀wé mọ ohùn náà. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹnjiníà ní kí Alága tún un tàn. Ariwo dé. Kó tún un pa. Ariwo lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alága tàn án tó sì pa á, ó ń kùn pé wọ́n ti fi góòlù kan du òun. Nígbẹ̀yìn, ó gun àkàbà fúnra rẹ̀, ó já àpótí náà sílẹ̀, ó gbé e lé Ẹnjiníà lọ́wọ́.

Ẹnjiníà jókòó sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ó ń kọ ìwé ẹ̀rí: aago tí ariwo bẹ̀rẹ̀, aago tí wọ́n pa àpótí, aago tí ariwo dákẹ́. Akọ̀wé ń kà á láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un pé màmá mi kò sùn lẹ́nu iṣẹ́."

"Ṣé mo wà ní ibi iṣẹ́ màmá rẹ?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni."

"Ó lè jẹ́ òótọ́. Èmi kò rí i." Ẹnjiníà kò gbé ojú sókè. "Bí mo bá kọ gbólóhùn kan tí mi ò rí, ọ̀gá rẹ̀ á fi ẹyọ kan yẹn da gbogbo ìyókù nù. Ohun tí mo rí tó láti gbà á."

Ó parí ìwé, ó pe ibùdó ọkọ̀ pàjáwìrì, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀gá. Ó ka àwọn aago náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá náà ní kó dúró. Wọ́n gbọ́ tó ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ìpè tó sọnù. Ó ní aago mẹ́rin sí mẹ́fà ni gbogbo ìpè mọ́kọ̀ọ̀kànlá bọ́ sí, àti pé ariwo tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nírọ̀lẹ́ yìí, òun fi etí òun gbọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́, kò ní í sí ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ajé mọ́.

Akọ̀wé jókòó sílẹ̀ lórí òkúta etí títì. Ohun tí irọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bà jẹ́, ohun tí ẹnì kan rí tó sì kọ sílẹ̀ bí ó ṣe rí i ló tún un ṣe. Ohun tí a rí, ká sọ ọ́. Ohun tí a kò rí, ká ní a kò rí i. Kò sí ìtìjú nínú "mi ò mọ̀". Inú ohun tí a fi dí àyè rẹ̀ ni ìtìjú wà.

Ẹnjiníà fi ìwé sínú àpò ìwé, ó lẹ̀ ẹ́, ó dé fìlà rẹ̀. Ó sọ áńtẹ́nà kalẹ̀, ó so ó mọ́lẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Awakọ̀ juwọ́ sí Akọ̀wé. Bọ́ọ̀sì funfun náà rọra jáde ní òpópónà, ó yà sọ́tùn-ún ní oríta, ó lọ.